Nọ́ọ̀sì ní kí n máa mú ọmọ mi wá lóṣooṣù torí pé ó sanra jù. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un?

Ìyá_Aládìrẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtọ̀kú ni mo ti ń ta àdìrẹ, Àṣẹ́rò ni mo ń gbé. Mo gbé ọmọ mi kékeré lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìlera àdúgbò wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó pé ọdún mẹ́jọ sì tẹ̀lé wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wò ó, ó bi mí bóyá òun lè wọn ẹ̀gbọ́n náà. Mo ní kò burú. Ó ní kó bọ́ bàtà àti fìlà, ó gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 36. Ó mú un fẹ̀yìn ti ògiri, ó wọn gíga rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 128. Ó ṣírò nǹkan kan, ó fi àmì sára ìlà kan nínú ìwé, ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìwúwo ọmọ náà ti kọjá bó ṣe yẹ kó rí fún ọjọ́ orí àti gíga rẹ̀, kí n máa mú un wá lóṣooṣù.

Ìyá ọkọ mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ọmọ tó ń jẹun yó ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, tó bá ga sí i, ara rẹ̀ á fà. Ọkọ mi ní tó bá jẹ́ àìsàn ni, dókítà ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Èmi ò mọ èyí tí màá tẹ̀ lé nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ yìí ò ṣàìsàn, ó ń ṣeré, orí rẹ̀ sì pé níbi ìwé. Kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ ṣe fún un tí èmi ìyá rẹ̀ ò lè ṣe nílé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kó bá mi dá sí i.

Ọmọ_Lísàbí

Ìyá, ẹ kú ọmọ o. Ọlọ́run á bá yín wò ó. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè má dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Ní ìlú tí ọmọ ẹlòmíì ń sùn láìjẹun, tí iye tí wọ́n ń ta gàrí kò ṣe é gbọ́ sétí, ọmọ tó jẹun kánú la wá fẹ́ sọ di aláìsàn? Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ tó bá rí rọ̀bọ̀tọ̀ ni gbogbo agbo ilé máa ń fẹ́ gbé. Ìyá ọkọ yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí àwọn nọ́ọ̀sì dojú kọ àwọn tí ebi ń pa.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo sì ti pẹ́ jù. Màá fara balẹ̀ dáhùn, torí ìbéèrè yìí ká mi lára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣírò. Ó mú kílò 36, ó fi gíga ọmọ náà ní mítà, ìyẹn 1.28, pín in; ó tún fi 1.28 pín èyí tó kù. Ohun tí yóò bá níbẹ̀ ni 22. Òun là ń pè ní BMI. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, 22 dára púpọ̀. Ti ọmọdé yàtọ̀, torí ara ọmọ ń yí padà bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe ń lọ. Nínú ìwé ìdàgbàsókè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe lọ́dún 2007 fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́jọ tó wà láàárín gbùngbùn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ní 15.7. Tó bá kọjá 17.4, ó ti tẹ̀wọ̀n jù. Tó bá kọjá 19.7, ìsanrajọ̀kọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọmọ wa yìí ti kọjá ìlà kejì.

Ojú lásán kò lè rí èyí. Mo ti rí ìyá tó gbé ọmọ wá pé ó rù, tí ìwọ̀n sì fi hàn pé ara rẹ̀ dá ṣáká. Mo sì ti rí èyí tí gbogbo ilé ń yìn pé ara ọmọ ń dán, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ nù, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ẹni tí a máa ní kó fọn. Ohun tí a sábà máa ń fẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé kí ìwúwo rẹ̀ dúró síbi tó wà, kí gíga máa bá a lọ. Ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yẹn máa ń ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 lọ́dún. Ẹ wò ó: tó bá wà ní kílò 36 títí tó fi pé ọdún mẹ́wàá, tó sì ga dé 139, BMI rẹ̀ á ti wálẹ̀ sí 18.6. Ìlà ẹni tó ti tẹ̀wọ̀n jù fún ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá jẹ́ 18.5. Ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kó bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ebi ò sì pa á rí. Ṣùgbọ́n ara kì í dá fà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ tí ohun tó ń mú un sanra bá ṣì ń lọ nínú ilé. Kílò á máa bá gíga rìn ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí ẹ máa wá, ká lè mọ èwo nínú méjèèjì ló ń yára.

Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá wọn: dókítà ló ń wádìí àìsàn, òun ló ń kọ oògùn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ọmọ ń kọ́kọ́ bá pàdé níbi abẹ́rẹ́, níbi ibà, níbi tí wọ́n ti ń di ojú egbò. Àwa la ń wọn ọmọ. Tí a bá wò ó tí a dákẹ́, dókítà lè má gbọ́ nípa rẹ̀ títí ọdún márùn-ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn nǹkan wọ̀nyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ṣé ó máa ń han-unrun tó bá sùn? Ṣé orúnkún tàbí ìbàdí ń dùn ún, àbí ó ń tiro? Ṣé ó ń tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́? Ṣé ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn dúdú ju ara rẹ̀ tó kù lọ? Ṣé oògùn kan wà tó ń lò?

Ìyá_Aládìrẹ

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ó máa ń han-unrun, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn ló máa ń rojọ́ rẹ̀. Orúnkún ò dùn ún. Ìtọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ọrùn rẹ̀ dúdú gan-an, ó nípọn bíi ẹni pé ìdọ̀tí ló dì mọ́ ọn. Ìyá ọkọ mi máa ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú họ ọ́ láàárọ̀ títí ọmọ á fi sunkún, kò sì yéé dúdú. Kí ló fà á?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ẹ bá mi bẹ mọ́mì kí wọ́n má họ ọ́ mọ́. Ìdọ̀tí kọ́. Nígbà tí ọ̀rá bá pọ̀ lára, ínsúlínì tó ń gbé ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara kì í ríṣẹ́ ṣe dáadáa mọ́. Ara á wá máa ṣe é jáde lọ́pọ̀ yanturu, ìyẹn ló sì máa ń mú kí awọ ọrùn, abẹ́ apá àti ìtan nípọn kó sì dúdú. Kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà o, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Àmọ́ ó ń sọ fún wa pé ọ̀nà ìtọ̀ ṣúgà lara ń tọ̀, ó sì yẹ kí dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ìwúwo bá ti ń gún régé, awọ náà á máa padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Híhan-unrun tún wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èémí rẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ lójú oorun kó tó tún mí gúlẹ́, tàbí tó ń tòògbé ní kíláàsì, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì yín. Àwọn àmì méjì yìí, ọrùn àti han-unrun, tó kí ó fún yín ní ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Abẹ́òkúta ò gbẹ́yìn níbi ìyẹn: Ìjàyè wà, Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Àbà, Sacred Heart sì wà ní Lántòrò láti ọdún 1895.

Bàbá_Ọbáńtokò

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀, inú mi ò sì dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún mọ́kànlá. Ibà ló gbé wa dé ilé ìwòsàn kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n láàárín èrò tó tò sórí ìlà, ó ka kílò rẹ̀ síta, ó wá ní, "Ọ̀rọ̀bọ̀, kí lò ń jẹ? Ìwọ nìkan lò ń jẹ oúnjẹ ilé yín ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn mọ́. Ó ń fi bískítì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń jẹ ẹ́ lóru. Ó ti tún sanra ju ti ìgbà yẹn lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá ń sọ iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń ṣe, ẹ sọ ìyẹn náà.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ẹ jọ̀wọ́, bàbá. Ó dùn mí gan-an. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ yẹn kò dára, n kò sì ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nítorí pé a jọ ń wọ aṣọ funfun.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Kí a tó wọn ọmọ, ká béèrè lọ́wọ́ òun àti òbí rẹ̀. Ká wọ̀n ọ́n níbi tí èrò ò ti ní rí iye tí ìwọ̀n ń kà, ká kọ ọ́ sílẹ̀ láìpariwo. Tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ká jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ọmọ. Ká bi í léèrè ohun tó fẹ́ràn, ohun tó ń dà á láàmú, bóyá wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lè sọ fún ọ pé òun fẹ́ lè sáré tó àwọn ọ̀rẹ́ òun láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kó o dì mú bá a lọ, má ṣe gbé ti kílò síwájú rẹ̀. Ọmọ tí ojú ti bá tì, jíjẹun ní kọ̀rọ̀ ló ń kù fún un. Ohun tí ẹ rí lábẹ́ ìrọ̀rí yẹn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀kánjúwà.

Ẹ lọ bá ẹlòmíì. Kí ẹ tó gbé ọmọ wọlé, ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹ ní: "Ọmọ mi ò fẹ́ kí wọ́n wọn òun lójú èrò." Ẹ̀tọ́ yín ni. Tó bá sì jẹ́ pé ìbànújẹ́ rẹ̀ ti pọ̀, tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́, tí kò sùn dáadáa, ẹ sọ ọ́, torí ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ nípa ọpọlọ àwọn ọmọdé bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àrò náà ò jìnnà sí wa, kò sì sí ìtìjú kankan nínú lílọ síbẹ̀.

Bàbá_Ọbáńtokò

Ẹ ṣeun. Kò sí ẹni tó tíì bẹ̀ wá rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Màá bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lálẹ́ òní.

Ọmọ_Lísàbí

Bàbá Ọbáńtokò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwa náà máa ń pe ọmọ ní ọ̀rọ̀bọ̀ bí ẹni ń ṣeré.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí àwọn tí ebi ń pa.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ẹ tọ̀nà láti tún un bi mí. Nínú ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ìdílé Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ló kúrú ju bó ṣe yẹ lọ nítorí àìjẹunrekánú. Méjì péré ló sanra jù. Nítorí náà, ebi ṣì ni olórí ìṣòro wa láàárín àwọn ọmọ kékeré, kò sí ẹni tó máa jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ìwọ̀n kan náà ni, ìwé ìdàgbàsókè kan náà ni. Nọ́ọ̀sì tó bá ń wọn ọmọ dáadáa, tó ń fi àmì sí i, á rí èyí tó rù, á rí èyí tó sanra jù, á sì rí èyí tó kúrú tó tún sanra. Irú ìkẹta yẹn pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: inú rẹ̀ kún fún búrẹ́dì àti tíì oníṣúgà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà ò sì tó o lẹ́nu. Ọmọ yẹn ò jẹun kánú, bó ti wù kí ara rẹ̀ tóbi tó. Ní gbogbo ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tó ní ìsanrajọ̀kọ̀tọ̀ lọ́dún 2022 lé ní mílíọ̀nù 160. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà ní ìlú tó dà bí tiwa.

Olóúnjẹ_Lafẹ́nwá

Èmi ń ta oúnjẹ, mo sì ní ọmọ mẹ́ta. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ lórí rédíò pé òkèlè ló ń mú ọmọ sanra. Ṣé ká má fún ọmọ Ẹ̀gbá ní láfún mọ́ ni? Kí ló kù ká jẹ?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ẹ fún wọn ní láfún, ìyá. Ẹni tó bá ní kí ọmọ Ẹ̀gbá má fojú kan láfún àti ewédú mọ́ kò mọ ọ̀nà wọ ilé àwọn tó fẹ́ ràn lọ́wọ́, wọ́n á kàn gbọ́ ọ lásán ni.

Ohun tó yẹ ká wò ni bí òkèlè ṣe tóbi tó àti ohun tó yí i ká. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò gbọ́dọ̀ jẹ iye òkèlè tí bàbá rẹ̀ ń jẹ. Ẹ dín òkèlè kù díẹ̀, kí ẹ̀fọ́ tàbí ewédú pọ̀, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀. Móínmóín, èkuru, ẹ̀wà àti ẹ̀kọ dára gan-an. Ìrẹsì Ọ̀fadà tí wọn kò bó eèpo rẹ̀ tán máa ń pẹ́ nínú ikùn ju ìrẹsì funfun lọ, àmọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ ní epo púpọ̀, kí wọ́n rọra bù ú. Èyí tó máa ń bà wá jẹ́ jù ni ìpápánu àárín oúnjẹ: búnǹsì, pọ́fpọ́f, bískítì, súwíìtì, àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun mímu. Ẹ ka ara ìgò. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà gíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà 100, ìgò 50cl kan ní gíráàmù 50, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí kékeré méjìlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ara ń rí látinú oúnjẹ òòjọ́. Fún ọmọ tó ń jẹ kálórì 1,600 lóòjọ́, gíráàmù 40 nìyẹn. Ìgò kan ṣoṣo ti kọjá a, kó tó kan bískítì. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: náírà márùn-ún péré lórí ìgò 50cl. Lójú tèmi, ìyẹn kéré jù láti yí ohunkóhun padà lórí tábìlì ilé wa. Omi ló yẹ kó wà nínú fúláásìkì tí ọmọ ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́. Jùúsì inú páálí náà, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fún un ní ọsàn kó fi ẹnu mu ún. Tí àgbálùmọ̀ bá dé, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́.

Ohun kan tó kù: ẹ má fi dandan lé e pé kí ọmọ jẹ àwo mọ́lẹ̀. Tó bá ní òun ti yó, ẹ gbà á gbọ́.

Ìyá_Ìdí_Àbà

Mo fẹ́ béèrè nípa oògùn tó ń múni jẹun. Ní àdúgbò wa, tí ọmọ bá ń ṣe ṣíọ̀ṣíọ̀ sóúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì ni wọ́n ń gbà á lọ. Àwọn kan tún ń lo hóró funfun kéékèèké, wọ́n ní ó máa ń mú ara yọ. Ṣé kò léwu?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ó léwu. Ẹ wo orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀. Cyproheptadine ló sábà máa ń wà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní oògùn ajẹun. Oògùn ara yíyún ni, ó máa ń fa oorun, ó sì máa ń mú kí ebi pani. Hóró funfun yẹn lè jẹ́ dexamethasone tàbí prednisolone. Ọmọ tó bá ń lo wọ́n fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ á wú, ikùn rẹ̀ á yọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru, gíga rẹ̀ sì lè dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi Ìyá Aládìrẹ bóyá ọmọ ń lo oògùn. Ọmọ tó ń sanra kíákíá tí kò sì ga mọ́, ẹ má pẹ́ kí dókítà tó rí i, torí ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn tàbí ti omi ìṣàn ara, ìyẹn họ́mónù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: tó bá jẹ́ pé dókítà ló kọ prednisolone fún ọmọ nítorí ikọ́ fée tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹ má dá a dúró lójijì. Ìyẹn náà léwu. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó kọ ọ́.

Bákan náà ni tíì ìfọ́nra àti àgbo tí wọ́n ń polówó pé ó ń dín sísanra kù. Ọ̀pọ̀ wọn, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Tíṣà_Kéńta

Mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin. Mo fẹ́ sọ ohun tí mò ń rí láti ọ̀dọ̀ tiwa. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ wá, òun ló ń gbé wọn padà. Wákàtí eré ìdárayá tó wà lórí tábìlì àkókò, ìṣirò ni wọ́n ń fi í kọ́ nítorí ìdánwò ìwọlé. Tí wọ́n bá jáde fún ìsinmi ráńpẹ́, ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta súwíìtì ni gbogbo wọn ń sáré lọ. Tí wọ́n bá délé, lẹ́sìnnì ni, lẹ́yìn náà fóònù. Ìgbà wo ni ọmọ máa wá sáré? Ilé ẹ̀kọ́ wa ò ní nọ́ọ̀sì, àpótí ìtọ́jú lásán la ní. Kí la lè ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Tíṣà, ẹ ti sọ ìdajì nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún 5 sí 17 yẹ kó fi ara ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, irú èyí tó ń mú kó mí sókè. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀lù, okùn fífò, tẹ̀n-tẹ́n, bojúbojú, gígun òkè lọ sílé ní ìlú olókè bíi tiwa yìí, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Oorun náà ṣe pàtàkì: ọmọ ọdún 6 sí 12 yẹ kó sùn tó wákàtí 9 sí 12. Ọmọ tí fóònù ń gba oorun mọ́ lójú, ebi á máa pa á sí i lọ́jọ́ kejì.

Ẹ ké sí nọ́ọ̀sì ilé ìlera tó sún mọ́ yín. Bíbẹ ilé ẹ̀kọ́ wò wà lára iṣẹ́ ìlera àdúgbò. Kó wá wọn gbogbo ọmọ, kó má ṣe yan àwọn tó sanra sọ́tọ̀. Kó fi èsì sínú àpò ìwé fún òbí kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì gba wákàtí eré ìdárayá yẹn padà lọ́wọ́ ìṣirò. Ìyẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo wà. Mo fẹ́ bi yín nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo wọn ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó sanra, ó ga, ẹ̀rù bà mí. Sístà wá fi bẹ́líìtì mìíràn, èyí tí a ń wé mọ́ apá, wọ̀n ọ́n, ó wálẹ̀. Èwo ni ká gbà?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ti sístà ni, tó bá jẹ́ pé èyí tó tóbi tó ló lò. Bẹ́líìtì tó kéré jù fún apá máa ń mú kí iye ga ju bó ṣe rí lọ. Má fi ọjọ́ orí yan bẹ́líìtì, apá ni kó o wọ̀n. Fi téèpù wọn yíká apá láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Ike inú rẹ̀ tó ń gba afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìdá 40 nínú 100 iye yẹn, kó sì gùn yí apá ká tó ìdá 80 sí 100. Ọmọ tó sanra lè nílò ti àgbàlagbà. Jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, kí apá wà ní ọ̀gangan ọkàn. Tó bá ga, tún un wọ̀n. Má ṣe dẹ́rù ba ìyá rẹ̀ nítorí ẹyọ kan.

Akẹ́kọ̀ọ́_Nọ́ọ̀sì

Ẹ ṣé gan-an ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìdí rẹ̀ rí àfi ọjọ́ yẹn.

Ìyá_Aládìrẹ

Ẹ kú àtijọ́ o, mo ti padà dé. Mo mú un lọ. Ìyá ọkọ mi tẹ̀ lé wa, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ò bá wọn jiyàn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ń se oúnjẹ, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ń jẹ. Ẹ sọ ọ́ fún mi láti àárọ̀ títí dalẹ́." Wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí mílíìkì onítíì alẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́yìn tí ọmọ ti jẹ ẹ̀bà tán, àwọn fúnra wọn ló ní, "Èyí pọ̀ jù, àbí?" Nọ́ọ̀sì ní kí a mú nǹkan méjì péré lọ sílé ní oṣù yìí: kí búrẹ́dì alẹ́ dúró, kí omi rọ́pò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Fún gbogbo ilé ni o, àti bàbá wọn. Ó ní kò dára kí ọmọ kan máa mu omi kí àbúrò rẹ̀ máa mu ẹlẹ́rìndòdò lójú rẹ̀.

Ó kọ ìwé fún wa. Dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò tíì dé orí ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ìlà rẹ̀. Wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ru. Wọ́n ní kí a lọ rí àwọn onímú àti ọ̀fun nítorí han-unrun. Mọ́mì ti sọ kàn-ìn-kàn-ìn sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Òde ni iṣẹ́ tèmi, aṣọ ẹbí ni mò ń tà, Sátidé kì í kọjá kí wọ́n má pè wá. Ibẹ̀ ni jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran díndín àti ìgò ti ń pọ̀. Ṣé kí n máa fi ọmọ sílé ni?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ẹ mú un dání. Ọmọ tí wọ́n ń fi sílé nítorí oúnjẹ á rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun. Ẹ fún un ní ẹ̀wà tàbí móínmóín díẹ̀ kí ẹ tó jáde, kí ebi má bá a débẹ̀. Ẹ gbé omi dání. Ẹ̀yin ni kí ẹ bu oúnjẹ rẹ̀, àwo kan, ẹran kan, kí ẹ sì jẹ iye kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ìgò wá, ẹ jẹ́ kí òun àti àbúrò rẹ̀ pín kékeré kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u sílẹ̀ kó lọ jó níwájú onílù, kó jó títí tó bá wù ú. Ọjọ́ Ajé, ẹ padà sí omi.